Àpò Afẹ́fẹ́ inú Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Àtijọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí kò lè sáré pàápàá yóò rí ibi fara pamọ́ sí, bí ìròyìn ogun bá tètè kàn án. Ṣùgbọ́n bí ìròyìn náà kò bá kàn án ńkọ́? Bí akéde bá ń lu agogo ní ìlú kan, tí arọ náà sì ti kó lọ sí ìlú mìíràn, àǹfààní wo ni agogo náà ṣe fún un? Ọ̀rọ̀ àpò afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ti pẹ́ jẹ́ ẹ̀kọ́ ńlá lórí èyí. Ohun tí a ṣe láti gba ẹ̀mí là ni ó yí padà tí ó ń pa ènìyàn, ẹni tí ó sì jókòó níwájú rẹ̀ kò lè fi ojú lásán rí ewu náà.

Kí a tó lè mọ bí ó ti bàjẹ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Àpò afẹ́fẹ́ jẹ́ àpò aṣọ líle tí a ká pọ̀ sí àárín sítíárìn tí awakọ̀ ń dì mú. A sì ń fi òmíràn sí inú dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú ẹni tí ó jókòó ti awakọ̀. Ní ọjọ́ gbogbo, kò sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀. Ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni agolo irin kékeré kan wà, inú agolo yìí ni a sì kó ẹ̀tù sí. Kì í ṣe ẹ̀tù ìbọn ọdẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn jọra: bí iná bá kàn án, yóò jó, afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó sì ń ti ara rẹ̀ jáde ní agbára púpọ̀. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ohun èlò kan tí ń ṣọ́ ìjàǹbá yóò mọ̀ pé ìdádúró òjijì yìí kì í ṣe ti bíréèkì lásán. Yóò rán iná mànàmáná sí agolo náà, ẹ̀tù yóò gbiná, afẹ́fẹ́ yóò sì kún inú àpò. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo sí ọ̀nà 100, nǹkan bí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni gbogbo iṣẹ́ yìí ń gbà. Kí ojú tó ṣẹ́, àpò ti wú, ó ti gba orí àti àyà ènìyàn dúró, ó sì ti ń tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde kí ó má bàa há ènìyàn mọ́.

Iṣẹ́ rere ni iṣẹ́ yìí, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin pa á láṣẹ pé gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ titun láti ti ọdún 1998 síwájú gbọ́dọ̀ ní àpò afẹ́fẹ́ fún awakọ̀ àti fún ẹni tí ó jókòó tì í. Àjọ tí ń bójú tó ààbò ojú pópó ní orílẹ̀-èdè náà ṣírò rẹ̀ pé láti ọdún 1987 sí ọdún 2017, àpò tí ó wà níwájú ọkọ̀ ti gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn tí ó lé ní 50,000 là. Nítorí náà, kì í ṣe àpò náà fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Inú agolo kékeré yẹn gan-an ni ọ̀ràn wà.

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní ilẹ̀ Jàpáànì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Takata. Ọdún 1933 ni a dá a sílẹ̀, iṣẹ́ aṣọ híhun ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó yà sí iṣẹ́ bẹ́líìtì ìjókòó, nígbà tí ó sì yá, ó di ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ ní àgbáyé tí ń ṣe àpò afẹ́fẹ́ fún àwọn tí ń ṣe mọ́tò. Ní nǹkan bí ọdún 2000, Takata bẹ̀rẹ̀ sí fi kẹ́míkà kan tí a ń pè ní ammonium nitrate ṣe ẹ̀tù inú agolo. Kẹ́míkà yìí kì í ṣe àjèjì. Àwọn àgbẹ̀ ń lò ó bí ajílẹ̀, àwọn tí ń fọ́ òkúta sì ń pò ó mọ́ epo láti fi fọ́ àpáta. Kò wọ́n, ó sì lágbára. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù méjì. Èkínní, ó fẹ́ràn omi. Ó a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Èkejì, bí ooru bá mú un, tí ó tutù, tí ooru sì tún mú un, ètò inú rẹ̀ a máa yí padà, ara rẹ̀ kì í sì í le bí ó ti le ní ìbẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ẹni tí ó bá ti fi iyọ̀ sílẹ̀ láìdé ní àkókò òjò yóò mọ bí nǹkan ti ń fa omi mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rinrin ṣe ń rá wọ inú agolo wọ̀nyí díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sán, oòrùn a pa ọkọ̀ tí a gbé sí ìta títí inú rẹ̀ yóò fi gbóná janjan. Ní alẹ́, yóò tutù. Bí ó ti ń rí nìyí lójoojúmọ́ fún ọdún méje, mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀tù tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ gírígírí bí hóró oògùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìtì igi kan a máa pẹ́ kí ó tó jó tán nínú ààrò. Ṣùgbọ́n bí a bá la igi kan náà sí ẹ̀là wẹ́wẹ́, yóò jó lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ iná rẹ̀ a sì ga. Bí ọ̀ràn ẹ̀tù náà ti rí gan-an nìyí. Nígbà tí ó bá gbiná, kì í jó bí ó ti yẹ kí ó jó; a bú gbàmù, agbára rẹ̀ a sì ju èyí tí agolo lè gbà lọ. Agolo a fọ́, àfọ́kù irin rẹ̀ a ya àpò náà, a sì fò lọ sí ọrùn, ojú àti àyà ẹni tí àpò náà ń fẹ́ dáàbò bò.

Ìkìlọ̀ kò ṣàì wá. Ní ọdún 2004, agolo kan fọ́ nínú ọkọ̀ Honda Accord kan ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, ó sì ṣe awakọ̀ léṣe. Wọ́n kà á sí ohun tí ó ṣèèṣì ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni Honda kọ́kọ́ pe ọkọ̀ padà fún àtúnṣe, nǹkan bí 4,000 péré sì ni, Accord àti Civic ti ọdún 2001. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2009, ọmọbìnrin ẹni ọdún 18 kan kú ní ìpínlẹ̀ Oklahoma. Lẹ́yìn èyí, iye ọkọ̀ tí a pè padà kò yéé pọ̀ sí i. Ó kọjá 400,000 ní ọdún 2009, ó sì di ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù lẹ́yìn náà. Ní Amẹ́ríkà nìkan, iye agolo tí a ní kí a pààrọ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 67, nínú ọkọ̀ onírúurú ilé-iṣẹ́. Ènìyàn tí ó lé ní 25 ni ó ti kú níbẹ̀, àwọn tí ó farapa sì lé ní 400. Ẹ̀mí ṣòfò ní Malaysia àti Australia pẹ̀lú, títí ìjọba Australia fi sọ àtúnṣe náà di dandan ní ọdún 2018.

Kí ni ó dé tí ọ̀ràn náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ìdí kan ni irọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, Takata jẹ́wọ́ ní ilé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà pé òun ti yí èsì ìdánwò agolo náà padà fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun sì fi èsì èké ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ra ọjà lọ́wọ́ òun. Bílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n ní kí ó san fún ìtanràn àti gbà-máà-bínú. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ilé-iṣẹ́ ńlá náà wọ gbèsè, kò sì lè dìde mọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti kú kò sí láyé láti rí ọjọ́ náà.

Ìdí kejì ni pé ìkìlọ̀ kì í rìn bí ọkọ̀ ti ń rìn. Nígbà tí a bá pe ọkọ̀ padà, lẹ́tà ni a ń kọ sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ titun kò ní ìṣòro yìí, nítorí olówó rẹ̀ kò tí ì tà á. Ọkọ̀ àtijọ́ ń kọ́? Ó ti ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn tí owó wọn kò tó ra titun ni ó sì ń rà á: àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké, àti àwọn àjèjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn oṣù kẹta ọdún 2016, ọmọbìnrin ẹni ọdún 17 kan, tí ó ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọ̀dọ́, ń wa Honda Civic ti ọdún 2002 ní ìpínlẹ̀ Texas. Ó fi iwájú ọkọ̀ rẹ̀ sọ ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn. Ìjàǹbá náà kò le. Àwọn ọlọ́pàá ní ó yẹ kí gbogbo wọn fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àfọ́kù agolo gé e ní ọrùn, ó sì kú. Honda sọ pé àwọn ti kọ ọ̀pọ̀ lẹ́tà nípa ọkọ̀ náà. Ìdílé rẹ̀ ní lẹ́tà kankan kò kan àwọn. Ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé nínú àwọn ọkọ̀ Honda kan ti ọdún 2001 sí 2003, tí Civic àti Accord ti ọdún 2001 àti 2002 wà lára wọn, agolo náà lè fọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan nínú méjì bí ìjàǹbá bá mú kí ó ṣiṣẹ́. Nǹkan bí 313,000 irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a kò tí ì tún ṣe nígbà náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí gbé kan ilẹ̀ Yorùbá kò fara sin. Ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà bá ti lò gbó kì í kú síbẹ̀. Òkun ni ó ń kọjá. Ìwádìí tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé tí ń rí sí àyíká gbé jáde ní ọdún 2020 fi hàn pé láti ọdún 2015 sí 2018, nǹkan bí mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ tí a ti lò ni wọ́n kó jáde láti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Jàpáànì, ilẹ̀ Áfíríkà ni ó sì gba èyí tí ó pọ̀ jù. Èbúté Èkó àti ti Kútọnú ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ń gbà wọlé sí wa. Ọkọ̀ ń dé, ṣùgbọ́n lẹ́tà ìkìlọ̀ kì í bá a wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìpínlẹ̀ tí ó móoru tí ó sì kún fún ọ̀rinrin, bí Florida àti Hawaii, ni wọ́n kọ́kọ́ dójú sọ ní Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n ń wá agolo tí ó léwu jù. Irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni ti Èkó láti ọdún dé ọdún.

Kí ni ẹni tí ó ní ọkọ̀ àtijọ́ lè ṣe? Ó lè béèrè. Gbogbo ọkọ̀ ni ó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní nọ́ńbà ṣáásì. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni ó jẹ́. Ó wà ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú níhà awakọ̀, tàbí lára òpó ilẹ̀kùn. Bí ọkọ̀ náà bá ti Amẹ́ríkà wá, a lè tẹ nọ́ńbà yìí sí ojú ewé àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀, yóò sì sọ bí àtúnṣe kan bá wà tí a kò tí ì ṣe. Èsì náà ni ènìyàn yóò mú tọ aṣojú ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé iná pupa tí ó wà fún àpò afẹ́fẹ́ lára dáṣíbọ́ọ̀dù. Òótọ́ ni pé bí iná náà bá ń tàn láìkú, nǹkan kan ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá kú, kò fi hàn pé ẹ̀tù inú agolo dára, nítorí iná náà kò lè rí inú agolo.

Bákan náà, kò dára láti ra àpò afẹ́fẹ́ tí a tú lára ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́. Ní ọdún 2017, irú àpò bẹ́ẹ̀ ṣe ọ̀dọ́mọbìnrin kan léṣe gidigidi ní ìpínlẹ̀ Nevada; ara ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn ni wọ́n ti tú u, òun kò sì mọ̀. Kò sì dára kí a ti ìtorí ìbẹ̀rù yọ àpò náà dànù, kí a sì máa rìn láìní ààbò. Kí awakọ̀ fi ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 25 ó kéré tán sí àárín àyà rẹ̀ àti sítíárìn, kí gbogbo ènìyàn de bẹ́líìtì, kí àwọn ọmọdé tí kò tí ì pé ọdún 13 sì jókòó sẹ́yìn.

Ẹ̀rọ kì í sọ̀rọ̀, kì í sì í ké pe olówó rẹ̀ nígbà tí ó bá ń darúgbó. Ẹni tí ó ṣe é ni ó yẹ kí ó sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Ẹni tí ó ń tà á ni ó yẹ kí ó sọ ohun tí ó mọ̀. Ẹni tí ó sì rà á ni ó yẹ kí ó wádìí. Bí àwọn méjì àkọ́kọ́ bá kùnà, ìwádìí ẹni kẹta ni ó kù. Arọ tí ó gbọ́n kì í dúró de ìgbà tí akéde yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. A máa fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè pé kí ni wọ́n ń lu agogo lé lórí.