Títún Ìdí Ìbọn Ọdẹ Ṣe

Ìlú méjì tí kò jìnnà sí ara wọn ni Ìkirè àti Apòmù, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àgbẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ibi tí oko bá sì wà, ọdẹ kì í ṣàìsí. Ìbọn kì í ṣe àjòjì ní agbègbè yìí. Aáwọ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jà Apòmù wà lára ohun tí ó dá ogun Òwu sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1820. Nínú ogun náà ni àwọn Ìjẹ̀bú ti gbé ìbọn jáde, nígbà tí ó jẹ́ pé idà àti ọfà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń lò.

Irin àti igi ni ìbọn ṣakabùlà. Irin ni ọta ń gbà jáde. Igi ni ọdẹ ń dì mú. Òjò, òógùn àti èéfín àjà a máa sọ igi náà di dúdú, a sì máa gbẹ ẹ́ títí yóò fi fẹ́ sán. Ọdẹ tí ó jogún ìbọn baba rẹ̀ kì í fẹ́ kí ó bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Bí ó bá ní sùúrù, ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún igi náà ṣe nílé.

Àwọn àgbà ní, “Ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun?” Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ kan igi, a ní láti mọ̀ dájú pé ìbọn ṣófo. Ẹnu ni a ti ń ki ṣakabùlà. A kò lè ṣí ìdí rẹ̀ wò. Ọdẹ a ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú irin láti ẹnu, a sì fi ọ̀pá náà wọn ẹ̀gbẹ́ irin lóde. Bí ọ̀pá kò bá lọ jìn tó ibi ihò tí iná ń gbà wọlé, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tù tí a ti ki láti ọdún pípẹ́ ṣì lè pa ènìyàn. Alágbẹ̀dẹ tí ó mọṣẹ́, tí ó sì ní àṣẹ, ni a ó gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lọ bá. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 kò gbà kí ènìyàn ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ, kò sì gbà kí ẹni tí ó bá ṣáà ti wù máa tún ìbọn ṣe. Igi nìkan ni ti ọdẹ. Kí ọmọdé má sì dá a dán wò rárá.

Lẹ́yìn tí a bá ti yọ irin kúrò, a ó fi àfọ́kù ìgò ha ìdọ̀tí àtijọ́ dànù, bí ìlà ara igi ṣe lọ. A kò gbọdọ̀ ha ibi tí irin jókòó sí, kí irin má baà máa mì. Níbi tí igi bá ti tẹ̀ wọnú, a ó tẹ́ aṣọ tútù lé e, a ó sì gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé aṣọ náà. Ooru omi yóò wọ inú igi, igi yóò sì wú padà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí kò ran ibi tí ó sán.

Lẹ́yìn èyí ni dídán. Ewé ìpín, tí ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka, ni a fi ń dán igi kí sáńpépà tó dé. Bí igi bá ti dán, a ó fi omi díẹ̀ pa á lára. Bí ó bá gbẹ, irun wẹ́wẹ́ yóò yọ lára rẹ̀. A ó tún un dán. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Epo ni ó kù. Epo pupa àti àdín kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí wọn kì í gbẹ. Eruku ni wọn yóò máa kó. Epo línsíìdì yàtọ̀: ó máa ń gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sára, a sì le bí awọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni a ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa títí yóò fi móoru, a ó sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí a tó tún pa òmíràn. Ẹni tí ó bá kánjú rẹ́ ẹ nípọn yóò rí i pé ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Kí a sì ṣọ́ra fún àkísà tí a fi nu epo náà: bí a bá ká a jọ, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Ìta gbangba ni kí a tẹ́ ẹ sí kí ó gbẹ.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni iṣẹ́ yìí ń gbà, ṣùgbọ́n ìdí ìbọn tí a tún ṣe báyìí lè di ogún fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ.