Ọdẹ ṣì wà n'Ígàndó, àmọ́ níbo lẹkùn gbà lọ?

Bẹ́ ẹ bá gba àwọn àdúgbò kan kọjá n'Íkòtún tàbí n'Ígàndó ní nǹkan bí aago méjì òru, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni fèrè. Lẹ́yìn fèrè ni iná tọ́ọ̀ṣì á tàn sí yín lójú, wọn á ní ta nìyẹn. Ẹni tó ń béèrè yẹn, ọlọ́dẹ àdúgbò ni. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ló ń sanwó fún un lóṣooṣù, ìbọn ṣakabùlà ló gbé kọ́ èjìká. Ọdẹ ni wọ́n ń pè é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ìgbà tó pa ẹran gbẹ̀yìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀rín ló máa fi dá yín lóhùn. Olè ló ń ṣọ́ báyìí, kì í ṣe ẹran.

Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọdẹ ni ilẹ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìtàn àwọn Àwórì, ọdẹ ni Ògúnfúnmiǹire tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́fin, òun ló sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá láti Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n fi tẹ Ìṣẹrí dó. Ìṣẹrí-Ọlọ́fin yẹn náà ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti ń dá àwọn tó ń lọ s'Ídímù dúró lónìí. Igbó ni gbogbo ẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá sì ń dẹ igbó ilẹ̀ Yorùbá láyé ọjọ́un, kì í ṣe ọ̀yà àti ìgalà nìkan ló ń pàdé. Ẹkùn wà níbẹ̀, ẹtà náà sì wà níbẹ̀.

Ẹtà yìí, ológbò igbó ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ní kì í ṣe ológbò rárá, ìdílé tiẹ̀ yàtọ̀. Ó lè wúwo láti kílò 7 dé 20. Òru ló máa ń jẹ̀. Eku, kòkòrò, èso, ẹyin, adìẹ, kò sí èyí tí kì í jẹ níbẹ̀. Ọ̀rá kan wà lábẹ́ ìrù ẹ̀ tó ń rùn gan-an, òórùn yẹn sì lọdẹ fi ń mọ̀ pé ó ti kọjá. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọ̀rá kan náà yẹn làwọn ará Etiópíà ń tà fáwọn òyìnbó tó ń ṣe lọ́fínńdà olówó ńlá.

Àwọn tó bá ti gbé Amẹ́ríkà máa mọ ológbò igbó tiwọn, bobcat, tí ìrù ẹ̀ kúrú bíi pé wọ́n gé e. Àwọn ọdẹ kan ń bẹ lọ́hùn-ún tí wọn kì í fi ìbọn pa á, ọrun àti ọfà ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fara pamọ́, wọ́n á fọn ohun kan tó ń ké bí ehoro tí ìyà ń jẹ, ológbò náà á rọra máa bọ̀ wá wò ó. Ó di ìgbà tó bá sún mọ́ wọn dáadáa, kí wọ́n tó tafà. Awọ ẹ̀ làwọn kan ń wá, àwọn mìíràn sì ń fi ṣe fàájì ni. Ìpínlẹ̀ Califonia ò fẹ́ràn ẹ̀ mọ́. Lọ́dún 2019, Gómìnà Gavin Newsom fọwọ́ sí òfin tó ní kí wọ́n yé dẹ bobcat níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n wá fi ń ṣe fàájì lọ́hùn-ún yẹn, iṣẹ́ òòjọ́ làwọn bàbá wa fi ṣe. Ọrun wà, ọṣán wà, apó wà léjìká. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì tó jẹ́ òrìṣà àwọn ọdẹ, ọrun àti ọfà ni àmì rẹ̀, títí dé Brazil táwọn ọmọ ẹrú gbé e dé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó yé yín pé ọfà nìkan kọ́ ló ń pa ẹran ńlá, oró orí ẹ̀ ni. Igi kan wà tí wọ́n ń pè ní ìṣágẹrẹ, èso ẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń sè, tí wọ́n ń fi ra orí ọfà. Ọkàn ẹran ni oró yẹn máa ń mú. Ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn ni òyìnbó kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Fraser ní Edinburgh, bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ irú igi bẹ́ẹ̀ láti Áfíríkà wò, ìgbà tó sì yá, inú ẹ̀ ni wọ́n ti yọ oògùn fáwọn tí ọkàn ń dà láàmú. Oró ọdẹ di oògùn ọsibítù.

Oró náà kì í pa ẹran lójú ẹsẹ̀. Ẹran á sá, ọdẹ á sì tẹ̀ lé e. Ibi tíṣẹ́ wà gan-an nìyẹn: kó wo ẹ̀jẹ̀ lára ewé, kó wo koríko tó tẹ̀, kó mọ̀ bóyá ó já sódò tàbí ó yà sápá òsì, kó má sì dákẹ́ jù kó má sì pariwo jù. Nígbà tí ìbọn dé tí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì sọ ọ́ di ohun gbogbo èèyàn, ọ̀pọ̀ ọdẹ gbé ọrun jù sílẹ̀. Ìbọn yá, ó sì lágbára. Ariwo ẹ̀ nìkan ni ò dáa, ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan, gbogbo igbó ti gbọ́.

Ariwo ṣì kéré sí ohun tó wà n'Ígboro báyìí. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, ìjọba àpapọ̀ ní èèyàn 1,277,714 ló wà ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Èkó yarí, wọ́n ní àwọn ka tiwọn, ó jẹ́ 2,047,026. Èyí ó wù kó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, ilé ti fara kan ilé. Ọta ṣakabùlà kì í lọ lójú kan, ṣe ló ń fọ́n ká. Ẹni tó yìn ín sólè lójú pópó tóóró lè rí i pé fèrèsé ẹni tó ń sùn ló bá. Òfin ìbọn ti 1959 sì ní ẹni tó bá fẹ́ ní ṣakabùlà lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ. Ó yẹ kí lánlọ́ọ̀dù tó ń gba ọlọ́dẹ síṣẹ́ béèrè ìwé yẹn kó tó béèrè oògùn tó ń lò, ṣùgbọ́n oògùn ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ́kọ́ béèrè.

Nígbà táwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá dá ẹ̀ṣọ́ aláàbò sílẹ̀ n'Íbàdàn lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ẹ wo orúkọ tí wọ́n sọ ọ́: Àmọ̀tẹ́kùn. Wọ́n sì gba ọ̀pọ̀ ọdẹ sínú ẹ̀. Orúkọ ẹran tí ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì rí rí nínú igbó ló wà láyà aṣọ wọn.

Ẹkùn fúnra ẹ̀ wà lára àwọn ẹran tí òfin ọdún 1985 ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dẹ, tí wọn ò sì gbọ́dọ̀ tà. Náírà 1,000 ni owó ìtanràn nígbà náà, owó tí kò tó ra búrẹ́dì gidi lónìí. Lọ́dún 2016 ni wọ́n sọ ọ́ di mílíọ̀nù 5, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Òfin ti le, ṣùgbọ́n ẹsiteeti, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé epo ti gba igbó Alímọ̀ṣọ́ tán kó tó le.

Ẹtà ni tiẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ẹran tó ní dandan inú igbó kìjikìji lòun máa gbé. Ó lè gbé etí oko, ó lè gbé etí irà, ó sì lè wá jẹ ohun tí èèyàn dà nù. Ká ní ọ̀kan já láti ibi kan lóru, tó gba ẹnu géètì kọjá níbi tí ọlọ́dẹ jókòó sí, kí lọdẹ náà máa ṣe? Bàbá bàbá ẹ̀ ì bá ti fa ọṣán. Òun ò lè yìnbọn, torí gbogbo lánlọ́ọ̀dù ló máa jí, ọlọ́pàá á sì fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bóyá ló máa mọ orúkọ ohun tó rí gan-an. Tọ́ọ̀ṣì ló máa tàn sí i, á fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, á sì padà jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀.