Ìkànnì Tó Yá ní Lomé, Tó Há ní Akparé

Nínú àwọn tó ń ṣèpinnu fún ará Akparé ní ilẹ̀ Togo láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìbò fún wọn, ẹni tó ń kọ kóòdù ìkànnì wà lára àwọn tí agbára wọn pọ̀ jù, tí orúkọ wọn sì fara sin jù. Ìwé ẹ̀rí, àbájáde ìdánwò báàkì, ìforúkọsílẹ̀ yunifásítì, owó iná: díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń sún bọ́ sórí ìkànnì. Ẹnì kan tó jókòó sí Lomé tàbí Paris ló máa pinnu bóyá fọ́ọ̀mù á ṣí kí mẹ́gà tó tán, tàbí kí ọmọ ilé-ìwé gun zémidjan lọ sí Atakpamé lọ bẹ oníkọ̀ǹpútà pé kó bá òun tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń pe èyí ní ọ̀rọ̀ ìjọba. Àwọn tó ń ṣe é ń pè é ní ọ̀rọ̀ irinṣẹ́.

Irinṣẹ́ ọ̀hún kò ṣeé kà tán: React, Angular, Vue, Svelte, àti èyí tí wọ́n á tún gbé dé kí oṣù tó parí. Ṣùgbọ́n tí a bá ṣí aṣọ lórí gbogbo wọn, ìjà kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀. Níbo ni kí wọ́n ti to ojú ewé pọ̀? Ṣé kí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé, tò ó tán kó tó fi ránṣẹ́, àbí kó kó èròjà ránṣẹ́ kí fóònù ẹni tó ń wò ó tò ó fúnra rẹ̀? Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ẹgbẹ́ kejì ti ń lékè. Ẹni tó bá lọ ra iyán, tí oníyán gbé iṣu tútù, odó àti ọmọrí odó lé e lọ́wọ́, tó ní kó máa gún un lọ, kó tún dúpẹ́ pé gbígbóná ló máa jẹ ẹ́, olúwarẹ̀ á mọ ohun tí ojú fóònù olówó pọ́ọ́kú ń rí.

Ìtàn bí ẹgbẹ́ kejì yìí ṣe dé kò gba àlàyé púpọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni Brendan Eich fi hun JavaScript, èdè kóòdù tí browser ń lò, ní Netscape ní ọdún 1995, ó sì hàn lára rẹ̀. Ní 1999, Microsoft fi ọgbọ́n kan sínú Internet Explorer 5 tí ojú ewé fi lè béèrè nǹkan tuntun lọ́wọ́ server láìjẹ́ pé gbogbo rẹ̀ tún ṣí látilẹ̀. Gmail ní 2004 àti Google Maps ní 2005 ló fi han gbogbo ayé ohun tí ọgbọ́n yẹn lè ṣe. Facebook gbé React síta ní 2013, láti ìgbà náà ni ojú ewé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, tó fi ẹrù JavaScript ńlá ṣe ẹ̀yìn, ti di ohun tí wọ́n ń pè ní ìgbàlódé.

Lórí kọ̀ǹpútà tó lágbára, kò sí irọ́ níbẹ̀. Bí ẹrù náà bá ti dé tán, èèyàn á máa fò láti ibì kan sí ibòmíràn nínú ìkànnì bí ẹni pé inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló wà. Ohun tí àwọn olùfẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ sọ sókè ni pé kílóbáìtì JavaScript kì í ṣe ẹgbẹ́ kílóbáìtì fọ́tò. Bí fọ́tò 300 KB bá ti wọlé, iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn. JavaScript tí ìwọ̀n rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣì kù: fóònù á kà á, á túmọ̀ rẹ̀ sí ohun tó yé ẹ̀rọ, á wá máa ṣe ohun tó wí níkọ̀ọ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ kan náà tó ń ṣe gbogbo ìyẹn ló yẹ kó dáhùn nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì. Ọwọ́ náà dí. Ìdí nìyẹn tí ojú ewé fi lè hàn ketekete, tí bọ́tìnì rẹ̀ ò sì ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Oògùn tí wọ́n wá sí i kò tán àìsàn: server á ya ojú ewé ránṣẹ́ kó lè tètè hàn, fóònù á wá tún iṣẹ́ kan náà ṣe lábẹ́lẹ̀ kí bọ́tìnì tó jí. Ojú ń rí i, ọwọ́ ò tó o.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń di ti owó ló yẹ kó ká wa lára jù. Ẹni tó tẹ «Sanwó» tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, á tún un tẹ̀. Bí ẹni tó kọ́ ìkànnì kò bá fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí server á fi mọ̀ pé èyí ti wá lẹ́ẹ̀kan, owó lè lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọgbọ́n kan tún wà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ojú ewé fẹ́ràn gan-an: bí èèyàn bá ti tẹ bọ́tìnì, kí ìkànnì ti sọ pé ó ti parí kí server tó mọ̀ rárá, nítorí pé, lójú tiwọn, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń kùnà. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún ta ni? Fún ẹni tó fẹ́ sọ pé fọ́tò ọ̀rẹ́ òun dára, kò burú. Fún ìyá tó ń fi Flooz, àpò owó orí fóònù, san owó ilé-ìwé níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń wá tó ń lọ, irọ́ ni, bó ti wù kí wọ́n fi àwọ̀ ewé kùn ún tó.

Àwọn kan á ní nẹ́tíwọ̀kì ló fà á, pé bí okùn bá ti dé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Okùn ti dé o. Equiano, okùn abẹ́ òkun ti Google, gúnlẹ̀ sí Lomé ní oṣù kẹta ọdún 2022. Bó bá sì jẹ́ ti bíbá òkèèrè sọ̀rọ̀, ilẹ̀ Atakpamé kì í ṣe ọmọdé nídìí ẹ̀: ní Kamina, létí ìlú náà, ni àwọn Jámánì kọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò tó ń bá Nauen nítòsí Berlin sọ̀rọ̀ láìlo okùn, kí wọ́n tó fọwọ́ ara wọn bà á jẹ́ lóru 24 mọ́jú 25 oṣù kẹjọ ọdún 1914 kí ọ̀tá má baà gbà á. Ọ̀nà tó jìn nìkan kọ́ ni ìṣòro, iye ìgbà tí à ń rìn ín ni. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn ń sáré tó bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí server bá wà ní Paris, Lomé síbẹ̀ lé ní 4,500 kìlómítà, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ kan kò lè dín ní mílísẹ́kọ́ǹdù 45. Ó kéré lójú. Ṣùgbọ́n fóònù á kọ́kọ́ wá àdírẹ́sì, á kí server, á bá a ṣe àdéhùn ìkọ̀kọ̀, lẹ́yìn náà ló máa tó béèrè ohun tó wá ṣe. Bó bá wá jẹ́ ojú ewé òfìfo ló gbà bọ̀, tí òfìfo náà ní kó padà lọ gbé JavaScript, tí JavaScript sì ní kó padà lọ gbé orúkọ àti iye owó wá, tí òpó nẹ́tíwọ̀kì inú oko tún ń fi ìdádúró tirẹ̀ kún un ní gbogbo ìrìn, ta la fẹ́ bú?

Àwọn ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ wà: kí wọ́n fi ẹ̀dà ìkànnì sí server tó sún mọ́ni, kí wọ́n fún ẹrù náà pọ̀, kí fọ́tò ìsàlẹ̀ má wá àfi tí èèyàn bá dé ibẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dára, kò sí ìjà níbẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń bí mi nínú, ìyẹn gígé lẹ́tà. Kí fáìlì lẹ́tà lè fúyẹ́, wọ́n á gé àwọn tí wọn ò lò kúrò, ẹ àti ọ wa sì máa ń bá ìgé lọ. Browser á wá fi lẹ́tà mìíràn dípò, orúkọ èèyàn á dà bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀.

Ẹgbẹ́ server náà ti ń gbérí padà. Irinṣẹ́ bíi htmx, tó jáde ní 2020, ń sọ pé kí server fi abala ojú ewé tó ti tò tán ránṣẹ́, kí fóònù kàn gbé e sí àyè rẹ̀. Inú mi dùn sí i, àmọ́ ìwàásù àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń pọ̀ jù. Wọ́n sọ ọ́ bí ohun tuntun, nígbà tó jẹ́ pé láti 2006 ni browser Opera Mini ti ń bá àwọn ará Áfíríkà to ojú ewé lórí server tirẹ̀, tó ń fún un pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́ sí fóònù kékeré. Wọ́n tún gbàgbé pé bí gbogbo títẹ̀ bá gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ server, ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, iṣẹ́ dúró. Ẹni tó ń wọn owú tàbí sóyà lóko, tó fẹ́ kọ orúkọ àgbẹ̀ àti kìlò sílẹ̀, kò lè dúró de òpó. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ fóònù ló jàre: kí ìkànnì wà lórí fóònù, kó kọ nǹkan pamọ́, kó fi ránṣẹ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá dé. Láti bí 2015 ni browser ti ń lè ṣe é. Kí wọ́n sáà sọ fún un pé tí àyè inú fóònù bá kún, browser lè nu ohun tó kọ pamọ́ dànù láìbi í.

Nígbà tí ìjọba Togo sì fẹ́ pín owó ìrànwọ́ Novissi ní oṣù kẹrin ọdún 2020, USSD ni wọ́n gbé ìforúkọsílẹ̀ lé. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò mọ JavaScript rí kàn tẹ *855#, owó wọ àpò orí fóònù, mẹ́gà kankan ò lọ sí i. Kò lẹ́wà, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Server ló ń to gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ server lè pè é ní ìṣẹ́gun tiwọn, bí wọ́n bá rántí.

Ta ló wá ń yàn? Ìkéde iṣẹ́ ń béèrè React, nítorí náà ọ̀dọ́ Lomé ń kọ́ React, látinú fídíò ẹni tó ní okùn nílé. Ìwọ̀n tí gbogbo wọn gbójú lé ni ti Google, tó ní kí ohun tó tóbi jù lójú ewé hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5, kí títẹ̀ sì gba èsì láàárín mílísẹ́kọ́ǹdù 200. Kò burú, àfi pé tí 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìbẹ̀wò bá ti yege, ìkànnì ti yege. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí 25 yòókù ń gbé lè bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láti Akparé. Inú Chrome sì ni wọ́n ti ń ka ìwọ̀n yẹn. Onílò Opera Mini ò sí nínú ìwé.

Nínú ìwé àdéhùn irú iṣẹ́ yìí, a sábà máa ń rí àwọ̀, àmì ilé-iṣẹ́, iye ojú ewé àti ọjọ́ ìparí. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí iye kílóbáìtì, tàbí irú fóònù tí wọ́n á fi dán an wò. Lọ́jọ́ ìfihàn, gbọ̀ngàn tó ní wáìfáì ni wọ́n máa ń lò, kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ́ ọ ni wọ́n á sì fi ṣí i. Á ṣí wéré, àwọn ọ̀gá á pàtẹ́wọ́, wọ́n á buwọ́ lùwé, owó tó kù á jáde. Nínú Chrome kan náà tí wọ́n fi ṣí i, ibì kan wà tí èèyàn lè tẹ̀ kí ẹ̀rọ náà máa ṣe bí ẹni tó wà lórí 3G, kó sì máa fà ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí mẹ́fà bíi fóònù olówó pọ́ọ́kú. Ọ̀fẹ́ ni. Kì í sí nínú ètò ọjọ́ náà.