Oúnjẹ Ọpọlọ Nínú Àpò Ọmọ Òrukàn



Bí a bá lọ ra oúnjẹ fún opó àti ọmọ òrukàn ní ọjà Bódìjà, ìrẹsì àti gàrí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ rántí. Ó dára, ó ń yó ni. Ṣùgbọ́n ikùn lè yó kí ebi ṣì máa pa ọpọlọ.

Èròjà méjì ni kí á kọ́kọ́ mọ̀. Èkíní ni irin inú oúnjẹ. Òun ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé atẹ́gùn lọ sí ọpọlọ. Ọmọ tí kò bá rí i tó yóò máa tòògbé ní kíláàsì, ẹ̀kọ́ kò sì ní í tètè wọ̀ ọ́ lórí. Wọ́n lè máa pè é ní olódo, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ni kò tó lára rẹ̀. Irin wà nínú ẹ̀dọ̀, ẹran, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ ọsàn tẹ̀lé ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́, ara rẹ̀ yóò gba irin náà dáadáa.

Èkejì ni ayodíìnì. Àìtó rẹ̀ ń fa gẹ̀gẹ̀. Bí aboyún kò bá sì rí i tó, ó lè pa ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ lára títí ayé. Láti 1993 ni Nàìjíríà ti ní ètò fífi í sínú iyọ̀. Iyọ̀ tí wọ́n kọ Iodised sí lára ọ̀rá rẹ̀ ni kí á rà, kí á sì máa dé e.

Kì í ṣe ọmọ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìyá àgbà ni ó ń tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ òrukàn. Bí iyè ìyá náà bá ra, ọmọ ọ̀hún di òrukàn lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ṣe ìwádìí lórí èyí láàrin àwọn arúgbó Yorùbá nílùú Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, Amẹ́ríkà. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 10,000 arúgbó, nǹkan bí 135 ni àìsàn iyè rírà ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn. Ti Indianapolis jẹ́ 324. Wọn kò sọ pé oúnjẹ nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú ń ba iṣan ọpọlọ jẹ́, ó sì ń fa rọpárọsẹ̀. Nítorí náà, kí iyọ̀ àti magí mọ níwọ̀n nínú ọbẹ̀ wọn, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀, kí wọ́n sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò.

Súúrà Al-Mā'ūn mẹ́nu ba ọmọ òrukàn àti oúnjẹ aláìní pọ̀. Bí a bá tún ra àpò ìrẹsì, ẹ jẹ́ kí á fi ẹ̀wà, ẹja gbígbẹ àti iyọ̀ oníayodíìnì kún un. Ọmọ tí a bọ́ ikùn rẹ̀ lónìí, ẹ jẹ́ kí á bọ́ ọpọlọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Kí Ọlọ́hun gba sàká àti sàárà wa. Àmín.