Ẹ Má Fi Òtútù Ṣeré Níbi Iṣẹ́

Ẹ̀yin òbí, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló tẹ̀dó sí Missouri City, lẹ́bàá Houston, níbi tí ooru ti jọ ti ilé. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2021, òtútù dé láìkanlẹ̀kùn. Iná mànàmáná lọ ní ilé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ Texas. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ka òkú 246. Òtútù ló sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan òṣìṣẹ́ gidigidi: nọ́ọ̀sì tó ń jáde lóru, aṣọ́nà, ọmọ yín tó ń to ẹran dídì ní ilé ìtajà. Bí ooru ara bá wálẹ̀ ju 95°F lọ, ewu dé. Ara yóò kọ́kọ́ máa gbọ̀n. Bí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró, tí ọ̀rọ̀ sì ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ara ti yá. Ẹ pe 911, ẹ bọ́ aṣọ tó ti rin, kí ẹ sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Ẹ má ṣe fún un ní ọtí, nítorí ọtí a máa lé ooru jáde lára.

A ti kọ́ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má ṣe ráhùn níwájú ọ̀gá. Ẹ̀kọ́ rere ni, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1970 pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ mú ewu tó hàn gbangba, tó lè pa òṣìṣẹ́, kúrò níbi iṣẹ́. Bíbéèrè fún ìsinmi níbi tó móoru kì í ṣe àfojúdi.

Ẹ wọ aṣọ lé aṣọ, kí ẹ sì mú ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ dání. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.