Àwọn Tó Ń Pẹjọ́ Nítorí Aṣọ Orí

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni kan gbé aṣọ akọrin wọ sórí yúnifọ́ọ̀mù lọ sí Baptist High School, Ìwó. Sùtánà ìjọ wọn ni àwọn mìíràn wọ̀. Ẹni tó bá ń kọjá lọ lè rò pé ìsìn ìkórè ni.

Ìdájọ́ kan ló fà á. Ní ọjọ́ 3 oṣù náà, Adájọ́ Jídé Fálọlá ti ilé ẹjọ́ gíga ní Òṣogbo sọ pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lẹ́tọ̀ọ́ láti lo híjáàbù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló pẹjọ́; CAN, ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni, ò gbà. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ló dá púpọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ kí ìjọba tó gbà wọ́n, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn wọ́n.

Ariwo Ìwó nìkan ni ayé gbọ́. Iṣẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, ìwé kíkọ àti sùúrù ló pọ̀ níbẹ̀. Abala 38 ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999, tó dáàbò bo òmìnira ẹ̀sìn, ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́. Láti ọdún 2009, ìlànà tuntun fún ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti gba ẹgbẹ́ láyè láti pẹjọ́ fún ẹlòmíràn. Adájọ́ ò tún lè lé e padà pé kí ló kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni MSSN, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí tó ti wà láti 1954, ṣe gbé ìjọba Èkó lọ sí kóòtù nítorí híjáàbù. Wọ́n pàdánù ní Ìkẹjà ní 2014, wọ́n borí ní kòtẹ́milọ́rùn ní 2016. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 2022, adájọ́ márùn-ún nínú méje ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbè wọ́n. Ọmọ tó wà ní JSS1 nígbà tí Ìkẹjà dájọ́ ti kúrò ní sẹ́kọ́ńdìrì.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dé iwájú adájọ́. Nítorí híjáàbù lábẹ́ wíìgì, wọn ò jẹ́ kí Firdaus Amasa, akẹ́kọ̀ọ́ òfin, di agbẹjọ́rò ní oṣù Kejìlá 2017. Àwọn ẹgbẹ́ pariwo, ilé aṣòfin dá sí i, ó sì di agbẹjọ́rò ní oṣù Keje 2018.

Àwọn Sikh, ẹlẹ́sìn tí ọkùnrin wọn ń wé láwàní, ti gba ọ̀nà yìí ṣáájú. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Birmingham ò gba Gurinder Singh wọlé nítorí láwàní. Ní 1983, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Bìrìtìkó dá a láre. Ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 2001, wọ́n yìnbọn pa Balbir Singh Sodhi níwájú ilé epo rẹ̀ ní Arizona. Láwàní rẹ̀ ni apànìyàn náà rí tó fi pè é ní Lárúbáwá. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dá Sikh Coalition, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn Sikh, sílẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí Ọ̀ṣun kò kéré níye bíi Sikh. Oníṣẹ̀ṣe ló jọ àwọn Sikh jù nílẹ̀ wa. Àwọn oníṣẹ̀ṣe ti gba ìsinmi Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe: Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló fún wọn ní 2023. Ìsinmi ọjọ́ kan dára, àmọ́ ọmọ tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ Ọ̀ṣun sọ́rùn lọ sí kíláàsì ní Monday ńkọ́? Abala 38 kò yọ òun náà sílẹ̀.

Olùkọ́ tó dúró lẹ́nu géètì ló kọ́kọ́ ń dájọ́ yìí, kóòtù ṣì jìnnà. Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la. Kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ìdájọ́ 2022 àti abala 38 sínú ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn, kí wọ́n tó rán wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́.