Ìgbọ́kànsókè àti Ìfẹ́ Òǹkàwé sí Ìwé Kindred ti Octavia Butler

Nínú ìtàn àròsọ tí ó dá lórí ewu, ohun tí òǹkàwé sábà máa ń fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ̀dá ìtàn tí òun fẹ́ràn yóò yè é. Òǹkọ̀wé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a sì máa fi ìdáhùn ìbéèrè yìí pamọ́ títí di ìparí. Ohun tí Octavia E. Butler ṣe nínú Kindred, tí ilé-iṣẹ́ Doubleday tẹ̀ jáde ní ọdún 1979, yàtọ̀ sí èyí. Ní ojú ewé àkọ́kọ́ pàá ni Dana, tí ó jẹ́ aṣòtàn, ti jẹ́ kí ó di mímọ̀ pé òun ti padà sílé, àti pé òun ti pàdánù apá òsì òun sójú ọ̀nà. Ẹni tí ó ka ojú ewé kan péré ti mọ̀ pé Dana kò kú, ó sì ti mọ ohun tí ìrìnàjò náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ìwé tí ó ṣòroó gbé sílẹ̀ ni Kindred.

Ohun tí bébà yìí fẹ́ ṣàlàyé ni ibi tí agbára yìí ti wá. Àlàyé náà ṣe pàtàkì nítorí pé èrò kan wọ́pọ̀ láàrin àwọn onílámèyítọ́ pé ìwé tí ń mú àyà òǹkàwé já kò lè jẹ́ ìwé ìjìnlẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òwò ẹrú ni ó dá lé. Lójú àwọn tí wọ́n gba èrò yìí, ẹni tí ó bá fi ìyà àwọn baba ńlá ṣe ìtàn amóríyá ti sọ ọ̀rọ̀ ńlá di eré. Ìgbọ́kànsókè ni orúkọ tí bébà yìí fún ọgbọ́n tí òǹkọ̀wé fi ń so òǹkàwé rọ̀ sí àárín ìrètí àti ìbẹ̀rù. Bí a bá yẹ Kindred wò fínnífínní, ìgbọ́kànsókè yìí gan-an ni ó gbé ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ inú rẹ̀ dé ọkàn òǹkàwé.

Ìtẹ́wọ́gbà ìwé náà

Ìwé náà kò di ìgbàgbé. Ní ọdún 1988, Beacon Press tún un tẹ̀, láti ìgbà náà wá ni ó sì ti di ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama àti yunifásítì ń kà ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2003, ìlú Rochester ní ìpínlẹ̀ New York yàn án gẹ́gẹ́ bí ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo ará ìlú yóò jùmọ̀ kà. Butler kú ní ọdún 2006, ṣùgbọ́n ìfẹ́ àwọn òǹkàwé kò bá a kú. Damian Duffy àti John Jennings sọ ìtàn náà di ìwé alàwòrán ní ọdún 2017, iṣẹ́ wọn sì gba ẹ̀bùn Eisner ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2022, wọ́n gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí eré tẹlifíṣọ̀n alápá mẹ́jọ, tí wọ́n sún ìgbà òde òní inú rẹ̀ láti 1976 wá sí 2016. Wọ́n dá eré náà dúró lẹ́yìn apá mẹ́jọ yìí, ìtàn kò sì tíì parí. Ọ̀rọ̀ náà pa ni lẹ́rìn-ín díẹ̀: ẹni tí ó wo eré kò rí òpin, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó ka ìwé ti rí òpin kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Òfin ìrìnàjò náà

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Dana pé ní ọjọ́ 9 oṣù Júùnù ọdún 1976. Adúláwọ̀ ni, òǹkọ̀wé ni, òun àti Kevin, ọkọ rẹ̀ tí ó jẹ́ òyìnbó, sì ń to ìwé sínú ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ní ìpínlẹ̀ California. Lójijì òòyì kọ́ ọ, ó sì bá ara rẹ̀ létí odò kan níbi tí ọmọkùnrin òyìnbó kékeré kan ti ń rì lọ. Rufus Weylin ni orúkọ ọmọ náà. Ọmọ olóko ńlá kan tí ó ní ẹrú ní ìpínlẹ̀ Maryland ni, ìgbà tí Dana bá a sì jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ìrìnàjò yìí ṣẹlẹ̀ kí ìwé tó parí ní ọjọ́ 4 oṣù Júláì ọdún 1976, ọjọ́ tí Amẹ́ríkà pé igba ọdún tí ó ti kéde òmìnira.

Nínú The Time Machine tí H. G. Wells kọ ní ọdún 1895, ẹ̀rọ ni ó ń gbé ènìyàn la ìgbà kọjá, ẹni tí ó gùn ún ni ó sì ń darí rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú Kindred, kò sì sí àlàyé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Butler fúnra rẹ̀ kò gbà pé ìtàn sáyẹ́ǹsì ni. Òfin méjì péré ni ó wà, Dana àti òǹkàwé sì ni wọ́n jọ ń wá wọn rí. Èkíní ni pé nígbàkúùgbà tí ẹ̀mí Rufus bá wà nínú ewu, a ó fa Dana lọ bá a, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀. Èkejì ni pé kò sí ohun tí ó lè dá Dana padà sílé àfi bí òun náà bá gbà tọkàntọkàn pé ikú ti dé. Ìbẹ̀rù ni ó ń ṣiṣẹ́ yìí. Ikú gan-an kọ́.

Inú òfin kejì yìí ni ọgbọ́n Butler pọ̀ sí jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó rọrùn fún Dana láti padà. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́dẹ òyìnbó tí ń ṣọ́ àwọn ẹrú kọlù ú lóru, ó rò pé òun kú, ó sì bá ara rẹ̀ nílé. Ní ìrìnàjò kẹta, baba Rufus ká a mọ́ ibi tí ó ti ń kọ́ ọmọ ẹrú kan ní ìwé kíkà, ó sì nà án ní pàṣán. Dana kò jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí, ó ní ọkùnrin náà fẹ́ pa òun ni, ìbẹ̀rù náà sì gbé e padà. Ṣùgbọ́n ní ìrìnàjò kẹrin ó sá lọ, wọ́n lé e bá, wọ́n nà án kọjá ti àtẹ̀yìnwá, kò sì kúrò lójú kan. Ìdí rẹ̀ ni pé ó ti mọ̀ wọ́n. Ó ti mọ̀ pé ẹni tí ń nà án kò ní in lọ́kàn láti pa á, nítorí òkú ẹrú kò lè ṣiṣẹ́. Ìyà ti ń mọ́ ọn lára. Nígbà tí yóò fi di ìparí ìrìnàjò karùn-ún, òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ọ̀bẹ gé ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì kí ó lè rí ọ̀nà lọ sílé.

Bí òǹkàwé bá fi ojú sí èyí, yóò rí i pé kì í ṣe Rufus tàbí baba rẹ̀ nìkan ni ọ̀tá Dana. Ìfaradà, ohun tí gbogbo ènìyàn ń yìn, ti di ọ̀tá rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá kọ́ bí a ti ń gbé inú oko ẹrú láìbẹ̀rù ni ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ tì. Ìbéèrè tí òǹkàwé ń bi ara rẹ̀ bí ó ti ń ṣí ojú ewé kò wá jẹ́ bóyá Dana yóò yè é mọ́. Ohun tí ń kọ ọ́ lóminú ni bí ìyà yóò ti mọ́ ọn lára tó. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ni ó ti sọ pé ẹrú a máa gba kámú. Butler jẹ́ kí òǹkàwé máa ṣọ́ ìgbà tí kámú náà ń wọlé, kí àyà rẹ̀ sì máa já sí i.

Kevin náà lọ sí ìgbà náà lẹ́ẹ̀kan, Dana sì padà sílé láìmú un dání. Ọjọ́ mẹ́jọ ni Dana lò ní California kí a tó tún fà á lọ. Ọdún márùn-ún ni ó ti jẹ́ fún Kevin lọ́hùn-ún. Ó yẹ kí òǹkàwé mọ púpọ̀ sí i nípa ọdún márùn-ún yìí, àti nípa ohun tí ó fi àpá sí iwájú orí ọkùnrin náà. Butler sáré kọjá níbẹ̀. Àléébù ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú Dana nìkan ni ìtàn fi ń ríran.

Ohun tí òǹkàwé ń fẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù kò tíì kàn. Nínú Bíbélì ìdílé Dana ni wọ́n kọ orúkọ ìyá ńlá wọn sí: Hagar, tí wọ́n bí ní ọdún 1831. Rufus Weylin ni baba rẹ̀. Obìnrin adúláwọ̀ kan tí ń jẹ́ Alice ni ìyá rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí Rufus bá kú sínú odò kí ó tó bí Hagar, ó ṣeé ṣe kí a má bí Dana rárá. Dana kò ní ẹ̀rí pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, kò sì láyà láti dán an wò.

Alice kì í ṣe ẹrú nígbà tí a bí i. Ọmọ òmìnira ni, ó sì fẹ́ ẹrú kan tí ń jẹ́ Isaac. Nígbà tí Isaac sá lọ, ó bá a lọ. Wọ́n mú wọn, wọ́n gé etí Isaac, wọ́n sì tà á sí Mississippi. Alice pàdánù òmìnira rẹ̀ nítorí pé ó ran ẹrú lọ́wọ́, Rufus sì rà á. Rufus fẹ́ Alice, Alice kò fẹ́ ẹ. Ó wá pe Dana, ó ní kí ó lọ bá òun pàrọwà fún un kí ó wá sọ́dọ̀ òun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò nà án títí yóò fi wá. Dana sì jíṣẹ́.

Níbí ni ìgbọ́kànsókè ti di ìdẹkùn. Láti ojú ewé àkọ́kọ́ ni òǹkàwé ti wà lẹ́yìn Dana, ó fẹ́ kí ó yè. Ṣùgbọ́n kí Dana tó lè yè, Hagar gbọ́dọ̀ wáyé. Kí Hagar tó lè wáyé, ọkùnrin yìí gbọ́dọ̀ fi ipá bá obìnrin yìí lò pọ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Òǹkàwé bá ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń retí ìbí ọmọ kan tí ìwà ìkà nìkan lè bí. Kò sí ẹni tí ó bi í bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìtàn ni ó fà á débẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fa Dana lọ sí Maryland láìgba àṣẹ rẹ̀.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí àwọn òǹkàwé Yorùbá mọ̀ dáradára hàn kedere. Nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971) tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, òǹkàwé lè bá Lápàdé sáré tọkàntara, nítorí kí ọwọ́ tẹ ọ̀daràn ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́, ohun rere sì ni. Ọkàn ń gbé sókè, ẹ̀rí-ọkàn sì wà ní àlàáfíà. Butler lo irú eré sísá kan náà, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀rí-ọkàn òǹkàwé sí ẹsẹ̀ tí ń sáré.

Wọ́n bí Hagar nígbẹ̀yìn, Dana sì wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí ó tún dè é mọ́ Rufus àfi àánú àti ojúlùmọ̀ ọjọ́ pípẹ́. Ìgbọ́kànsókè yí padà: bí a bá tún fà á lọ, ṣé yóò gbà á là? Nígbà tí ó dé ìrìnàjò kẹfà, Alice ti pokùn so, nítorí Rufus purọ́ fún un pé òun ti ta àwọn ọmọ rẹ̀. Rufus wá yíjú sí Dana fúnra rẹ̀. Dana fi ọ̀bẹ gún un pa, apá tí Rufus dì mú bí ó ti ń kú lọ ni ó sì há sínú ògiri ilé ní California.

Ibi tí ìtàn náà ti ṣẹ̀

Butler ti ṣàlàyé pé nígbà tí òun wà ní kọ́lẹ́jì, ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ kan ń bínú sí àwọn àgbà pé wọ́n ti fara mọ́ ìrẹ́jẹ jù. Ìyá Butler jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé àwọn òyìnbó, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni ó sì ń gbà wọlé. Ojú ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ sí i bí wọ́n ti fẹ́. Butler mọ ohun tí ìyá rẹ̀ fi ìtìjú náà rà: oúnjẹ àti orí òrùlé. Ó fẹ́ kọ ìwé tí ọ̀dọ́ irú ìyẹn yóò fi ara rẹ̀ sí ipò àwọn àgbà. Ọkùnrin ni ó kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀dá ìtàn náà, ṣùgbọ́n ó rí i pé ọkùnrin òde òní kò ní pẹ́ lórí ilẹ̀ ẹrú kí wọ́n tó pa á. Ìṣesí rẹ̀ nìkan ti tó ẹ̀sùn. Ó wọ bọ́ọ̀sì láti California lọ sí Maryland láti fi ojú ara rẹ̀ rí ibẹ̀. Agbègbè tí ó yàn, ní ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, ni a ti bí Frederick Douglass àti Harriet Tubman, àwọn ẹrú méjì tí wọ́n sá, tí òkìkí wọn sì kàn.

Ẹ̀yìn ìtàn náà kò gùn rárá. Apá Dana ti jinná, òun àti Kevin sì bá ọkọ̀ òfurufú lọ sí Maryland ní 1976 tiwọn láti wá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú Rufus. Ilé náà kò sí mọ́. Wọ́n rí ìwé ìròyìn àtijọ́ kan tí ó sọ pé iná ni ó pa Rufus, àti ìkéde títa àwọn ẹrú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ wọn. Orúkọ Hagar kò sí níbẹ̀, ti Joe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n tú, wọn kò rí ibi tí wọ́n kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ.